Okùn Tí Ọmọ Ìyá Méjì Dì Mú

Ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ tó kán sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ti Alága ni, ó sì kán sórí aṣọ funfun tí wọ́n kọ "A Wá Láti Sìn" sí láyà. Eyín méjì ló bá ẹ̀jẹ̀ náà jáde. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó dá irin tó gbá Alága lẹ́nu lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa léèrè ohun tó gbé òṣìṣẹ́ Olúwa wọ pálọ̀ onípálọ̀, tó wá ń pa ohun tí kò kọ rẹ́.

Èwe ìjọ méjìlá ni wọ́n. Wọ́n kó sínú bọ́ọ̀sì kan, wọ́n rin ìrìn wákàtí márùn-ún lọ sí ìlú tí ẹnì kankan nínú wọn ò dé rí. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n dá, ilé arúgbó méje ni wọ́n fẹ́ kùn lọ́fẹ̀ẹ́. Akọ̀wé wà nínú wọn, tíṣà wà níbẹ̀, aránṣọ wà níbẹ̀, àwọn tó ń wáṣẹ́ náà sì pọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ iṣẹ́ ọ̀dà. Òun ni gbogbo wọn ń pè ní Pẹ́ńtà, obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tí bàbá náà sì fi àkàbà àti búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ fún un nígbà tó kú. Ìtara àwọn yòókù pọ̀ ju ìmọ̀ wọn lọ. Ẹni tó bá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọrin nínú bọ́ọ̀sì á rò pé àwọn ló fẹ́ gbé Ọlọ́run dé ìlú náà.

Àbúrò Pẹ́ńtà bá wọn lọ. Ẹni ogún ọdún ni, Ẹlẹ́rìn-ín sì ni gbogbo ayé ń pè é, torí kò sí ohun tí kì í bá a lẹ́rìn-ín. Ìyá wọn ò fẹ́ kó lọ. Nígbà tí kò rí i dá dúró, ó tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, ó gbá ọwọ́ Pẹ́ńtà mú.

"Àjò kì í dùn kí onílé má relé," ó ní. "Bí mo ṣe fà á lé ẹ lọ́wọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ni kí o fà á padà lé mi lọ́wọ́. O gbọ́?"

"Màmá, iṣẹ́ ọ̀dà la ń lọ ṣe, kì í ṣe ogun."

"Èmi ti sọ tèmi. Ẹni a wí fún, ọba jẹ́ ó gbọ́."

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n pín ara wọn. Ilé karùn-ún ló kan Alága, Pẹ́ńtà àti Ẹlẹ́rìn-ín. Àwọn mẹ́sàn-án yòókù wà nísàlẹ̀ àdúgbò. Akọ̀wé ni Alága yìí níbi iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé tí fọ́ọ̀mù ò bá wí pé òjò ń rọ̀, kò ní ṣí agbòòrùn. Ìyá arúgbó kan ló ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ó kéré, ó gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀.

Ìlà pupa kan ni Pẹ́ńtà kọ́kọ́ rí nínú pálọ̀ náà. Láti òkè àjà ló ti sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, ó la fèrèsé sí méjì, ó bọ́ sílẹ̀, ó gba àárín ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì kọjá, ó sì gun ògiri kejì padà lọ sókè. Àga mẹ́ta wà lápá kan, àga mẹ́ta wà lápá kejì. Tẹlifíṣọ̀n méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn síra wọn. Ibùsùn ìyá arúgbó náà ló dábùú ìlà yìí, tó fi jẹ́ pé tó bá dùbúlẹ̀, orí rẹ̀ á wà lápá kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà lápá kejì.

"Ọmọkùnrin méjì ni mo bí," ìyá náà wí, kò tiẹ̀ dúró kí wọ́n béèrè. "Ẹ̀gbọ́n ń ṣe mẹkáníìkì, àbúrò ń ṣe alápatà. Bàbá wọn ò tíì jẹrà tí ìjà ilé fi bẹ̀rẹ̀. Níbi tí o dúró sí yẹn, ọmọ mi, ibẹ̀ ni àbúrò ti gé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìka méjì. Ló bá di kóòtù. Kóòtù ló wá fa ìlà yìí, pé kí oníkálùkù jókòó sápá tiẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án rèé. Tí mo bá gba omi mu lọ́wọ́ ọ̀kan, èkejì ò ní kí mi fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kùn ún mọ́lẹ̀. Ojú mi fẹ́ rí pálọ̀ mi kí ojú náà tó pa dé."

Pẹ́ńtà gbé korobá rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní òfin kan lẹ́nu iṣẹ́: àmì tó o bá bá lára ògiri, tó ò bá tíì rí ẹni tó ṣe é, má fi ọ̀dà kàn án.

"Màmá, ṣé àwọn ọmọ yín mọ̀ sí i?"

"Wọ́n mọ̀. Àwọn méjèèjì ti rìnrìn àjò, ó di ọjọ́ Sátidé kí wọ́n tó dé. Àwọn ló ní kí n wá ẹni tí á bá wọn kùn ún."

Irọ́ ni. Pẹ́ńtà sì mọ̀ pé irọ́ ni, torí ó rí bàtà ìwẹ̀ ọkùnrin oríṣi méjì lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, omi ṣì wà lára méjèèjì. Ojú rẹ̀ rí i, ó sì ní kí ojú òun dákẹ́.

"Ẹ jẹ́ ká fi ilé yìí sílẹ̀, Alága," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ká wá tí àwọn ọmọ bá dé."

Alága ṣí fáìlì rẹ̀. "Níbi tí wọ́n kọ 'onílé' sí nínú fọ́ọ̀mù, ta ló tẹ ìka? Màmá ni. Ohun tí onílé bá ní ká ṣe la máa ṣe, òfin ẹgbẹ́ nìyẹn. Àti pé, Pẹ́ńtà, àlàáfíà kọ́ la gbé wá? Ṣé ká bá ìṣọ̀tá láàárín ọmọ ìyá méjì, ká wá rọra kùn yí i ká?"

Ìyá arúgbó náà bú sẹ́kún. Ẹlẹ́rìn-ín gbá a mọ́ra, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí òfin bàbá ṣe fọ́ nìyẹn o. Ẹkún ìyá oníyàá ló fọ́ ọ, àti ojú àbúrò tí kì í ṣeé kọ̀ fún.

Wọ́n gbé àga àti ibùsùn jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín kúnlẹ̀, ó fi irin ha ìlà orí ilẹ̀ títí tó fi di ìyẹ̀fun pupa, ó fi kẹrosíìnì nù ún, Alága sì kun ọ̀dà eléérú lé e. Pẹ́ńtà fi funfun bo ti ara ògiri. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta ọ̀sán, pálọ̀ náà ti di ọ̀kan. Ìyá arúgbó náà ń rìn láti ògiri dé ògiri, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà fún. Ẹlẹ́rìn-ín ń rẹ́rìn-ín. Ní òótọ́, inú Pẹ́ńtà náà dùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá bàbá òun ò mọ gbogbo nǹkan.

Ibẹ̀ ni Mẹkáníìkì ti wọlé.

Ọkùnrin tó sanra ni, epo mọ́tò dúdú dé ìgúnpá rẹ̀, irin tí wọ́n fi ń tú ẹsẹ̀ táyà sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó wo ògiri. Ó wo ilẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ìlà mi dà?"

Alága bọ́ síwájú tẹ̀ríntẹ̀rín, ó na fọ́ọ̀mù sí i. "Ẹ káàbọ̀, sà. Láti ìjọ ni a ti…"

Irin náà bá a lẹ́nu kó tó dárúkọ ìjọ. Ó dún gbòlà. Alága fò ṣánlẹ̀ sórí ọ̀dà tútù, eyín rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ dé ilẹ̀. Mẹkáníìkì gbá a nípàá níkùn lẹ́ẹ̀kan, ó tún gbá a lẹ́ẹ̀kejì, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka nǹkan: "Òun ló rán yín. Alápatà ló rán yín kẹ́ ẹ pa á rẹ́, kó lè gba gbogbo ẹ̀!"

"Èmi ni!" ìyá rẹ̀ ké. "Èmi ni mo ní kí wọ́n kùn ún, mo purọ́ fún wọn!"

Kò gbọ́ ọ. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́sàn-án retí ìwà ibi, tí ìwà ibi náà bá dé, kò ní etí tí yóò fi gbọ́ àlàyé. Pẹ́ńtà fa igi ròlà gígùn tí wọ́n fi ń kun ibi gíga yọ, ó là á mọ́ ọn lẹ́yìn. Igi náà ṣẹ́ sí méjì. Mẹkáníìkì yíjú padà, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá Pẹ́ńtà lójú débi pé etí rẹ̀ hó yee. Àkàbà wó. Korobá ọ̀dà funfun dànù, ó ṣàn dé abẹ́ orí Alága, ó sì ń di àwọ̀ osùn níbi tó ti bá ẹ̀jẹ̀ pàdé.

Alápatà gbọ́ ariwo láti ìta. Òun wá láti ibi iṣẹ́, aṣọ ìpẹran wà lọ́rùn rẹ̀, ọ̀bẹ wà nínú àpò awọ níbàdí. Ó rí ilẹ̀ tí kò ní ìlà mọ́, ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dúró sápá tòun. Kò béèrè ohunkóhun.

Àwọn tó máa ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ nípọn ju omi lọ, kí wọ́n wá wo pálọ̀ náà. Ọ̀bẹ la apá Mẹkáníìkì láti èjìká dé ìgúnpá. Mẹkáníìkì gbá irun àbúrò rẹ̀ mú, ó sì ń fi orí rẹ̀ lu ògiri, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ojú Alápatà sì ń fi ẹ̀jẹ̀ ya àwòrán ara rẹ̀ sórí ọ̀dà tí kò tíì gbẹ. Alápatà yíra, ó gé etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ, ó tu ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó ń bú ẹnì kejì. Mímí ni wọ́n ń mí nìkan, hẹ̀n, hẹ̀n, bí ẹni ń la igi. Àwọn aládùúgbò gbọ́, Pẹ́ńtà sì gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ti fèrèsé wọn pa lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná kò tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kò tán léèékánná: wọ́n ti mọ ilé náà tipẹ́.

Pẹ́ńtà ń wá ojú ọ̀nà. Ó na ọwọ́ sí àbúrò rẹ̀ pé kí wọ́n sá. Ẹlẹ́rìn-ín fò dìde ní igun tó ba sí. Ọwọ́ tó kọ́kọ́ bà á kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọwọ́ oníka mẹ́ta ló bà á. Mẹkáníìkì fà á mọ́ àyà, ó fi apá tó ń ṣẹ̀jẹ̀ há a lọ́rùn, ó sì fi ẹ̀yìn ti ògiri kí ọ̀bẹ má bàa rí i mú.

"Ẹni tó pa á rẹ́ ni yóò fà á padà," ó wí fún Pẹ́ńtà. "Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an. Báyìí. Tàbí kí n ṣẹ́ ọrùn eléyìí."

Ojú Ẹlẹ́rìn-ín ti yọ síta. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀ dáadáa.

"Tó o bá fi ìbú ìka kan bọ́ sápá mi," Alápatà náà sọ, ó ń nu ẹ̀jẹ̀ kúrò lójú, "ọwọ́ tó o fi fà á ni màá gé. Mo ti gé ìka rí."

Kò sí ohun mìíràn ní orí Pẹ́ńtà mọ́ ju ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ó lọ sídìí ògiri, ó fi ìka wá inú ọ̀dà tútù. Ọ̀dà tó bá ti pẹ́ lára ògiri máa ń ga díẹ̀. Bó o tiẹ̀ kun òmíràn lé e, ìka tó mọṣẹ́ á mọ̀ ọ́n. Ó rí etí kan. Ó rí etí kejì. Ó fi pẹ́ńsù sàmì sí ìdí ògiri níbẹ̀, ó lọ sí ògiri kejì, ó ṣe bákan náà. Ó gbé ọ̀dà pupa tí wọ́n fi kun ilẹ̀kùn ilé kẹrin, ó sì yọ okùn tó fi ṣọ́ọ̀kì pa láti inú àpò irinṣẹ́.

Ibẹ̀ ló ti kù díẹ̀ káàtó. Okùn yẹn, ẹni méjì ló ń dì í mú. Ọ̀kan á tẹ orí rẹ̀ kan mọ́ àmì níhìn-ín, ọ̀kan á tẹ èkejì mọ́ àmì lọ́hùn-ún, wọ́n á fà á le, kí ọ̀gá iṣẹ́ tó fi ìka gbé e sókè, kó sì fi na ilẹ̀ kí ìlà ṣọ́ọ̀kì lè yọ. Alága ń gbé ẹ̀jẹ̀ mì nílẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín wà lábẹ́ apá.

"Ẹ bá mi dì í mú," ó ní.

Mẹkáníìkì fi ọwọ́ ọ̀tún gba orí kan, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa Ẹlẹ́rìn-ín mọ́ra lọ sílẹ̀. Alápatà gba orí kejì. Ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn, ọmọ ìyá méjì ò di nǹkan kan náà mú rí.

Ìgbà yẹn ni ìyá wọn dìde. Kò ké mọ́. Ó rìn lọ sí àárín pálọ̀, ó jókòó sílẹ̀ nínú ọ̀dà àti ẹ̀jẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ okùn.

"Ẹ fà á gba ara mi kọjá," ó ní. "Ara mi ni ẹ̀yin méjèèjì ti jáde. Ẹ fà á níbẹ̀."

Pẹ́ńtà dúró. Ó wo Mẹkáníìkì. Ó wo Alápatà. Kò bẹ̀bẹ̀, ó kàn dúró kí ọ̀kan nínú wọn sọ pé ó tó. Ó fún wọn ní àkókò tó pọ̀. Àgbà tó jókòó sílẹ̀ yìí ló gbé wọn pọ̀n, òun ló nu imú wọn. Ó dúró títí Ẹlẹ́rìn-ín fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ọ̀nà ọ̀fun.

"Má jẹ́ kó wọ́," Alápatà wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Mẹkáníìkì dáhùn. "Kó gún régé."

Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí láti ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn.

Pẹ́ńtà gbé okùn sókè, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Okùn náà na ìyá arúgbó náà nítan pàù, ó fi àmì funfun tẹ́ẹ́rẹ́ sí aṣọ rẹ̀. Ìyá náà ta gìrì. Pẹ́ńtà ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà pupa, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ògiri, ó ń rákò bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Ẹ má ṣe rò pé ó gbọ̀n. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó kun ilẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ìyá náà. Ó kun itan ọ̀tún. Ó kun itan òsì. Ó kun àtẹ́lẹwọ́ tí ìyá náà tẹ́ sórí itan, torí ìyá náà kọ̀, kò gbé e kúrò. Ó bọ́ sílẹ̀ lápá kejì, ó ń kùn ún lọ, ó kan ògiri, ó gùn ún. Ìlà náà gún. Bàbá rẹ̀ gan-an ò lè rí ẹ̀sùn kà sí i lẹ́sẹ̀.

Mẹkáníìkì tú apá rẹ̀ ká. Alápatà ti ọ̀bẹ bọ àpò. Oníkálùkù lọ wá ibi jókòó sí lápá tiẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń ro lára wọn, pó, pó.

Pẹ́ńtà na ọwọ́ sí àbúrò rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín gba ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ náà kọjá. Ó ń wúkọ́ bó ṣe ń lọ sídìí ìyá arúgbó náà, ó mú akísà tó fi nu ilẹ̀ láàárọ̀, ó rẹ ẹ́ sí kẹrosíìnì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́ ìyá náà, ìka kọ̀ọ̀kan.

"Ó tó, ọmọ mi," ìyá náà wí fún un. "Máa lọ sílé yín."

Pẹ́ńtà ló gbé Ẹlẹ́rìn-ín jáde níkẹyìn, tipátipá, Alága sì wọ́ tẹ̀ lé wọn.

Kò sẹ́ni tó kọrin nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí wọ́n ń padà. Alága di aṣọ mọ́ ẹnu, ó sọ fún gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ ń gba inú ihò eyín jáde, pé àwọn ò ní mẹ́nu kan ilé karùn-ún nínú ìjẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹlẹ́rìn-ín jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá.

Ìyá wọn ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbá Ẹlẹ́rìn-ín mọ́ra, ó yí i po, ó wo apá rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀. Ó rí ibi tó pọ́n lọ́rùn, ó fọwọ́ kàn án, ó ní ó máa lọ. Ó mí kanlẹ̀. Ó wá kọjú sí Pẹ́ńtà, omi ti wà lójú rẹ̀.

"O ṣeun, ọmọ mi. Bí mo ṣe fà á lé ẹ lọ́wọ́ lo ṣe fà á padà lé mi lọ́wọ́. Olúwa á máa ṣọ́ ọwọ́ ẹ fún ẹ."

Ẹlẹ́rìn-ín sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti inú pálọ̀ yẹn.

"Ẹ wo ọwọ́ náà, Màmá. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín."

Ìyá wọn na ọwọ́ sí i, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Pẹ́ńtà ti fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ nígbà mẹ́rin lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n pupa ṣì wà nínú èékánná rẹ̀, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó kó o pamọ́ sẹ́yìn.